Ẹ Jẹ́ Ká Dá Àjọ Ìlera Kí Àìsàn Tó Kó Owó Ọjà Wa

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ìyá wa àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa láti Ìkátẹ̀ títí dé Ajah, Badore àti Sangotedo, 

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa tó ń ta ẹja yíyan. Àárín òru ni inú rírun dá a dúbúlẹ̀. Nílé ìwòsàn tí wọ́n sáré gbé e lọ, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ san owó sílẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kó owó tó fẹ́ fi ra ẹja lọ́jọ́ kejì, kò tó. Àwa náà dáwó nínú ẹgbẹ́. A dúpẹ́ pé ó yè. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sọ́jà, àtẹ rẹ̀ ti ṣófo. Ara ti yá, owó ọjà ti lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ̀rọ̀ yìí, kó má baà ṣe ẹlòmíràn.

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, ọjà gan-an ni ilé oògùn. Ọ̀dọ̀ eléwé ọmọ àti elégbòogi ni wọ́n ti ń ra ewé, egbò àti èèpo igi. Ìyá àbíyè ń gbẹ̀bí, oníṣègùn ń tọ́jú èyí tó bá le. Nígbà tó di 1895, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, l'Ábẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ni ìyá wa, Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì, ọmọ Èkó, gboyè ìṣègùn ní Dublin ní 1938. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Massey Street l'Ékòó, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà.

Bí ìmọ̀ dókítà ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ ń pọ̀. Ta ni yóò san án? Láàárín 1979 sí 1983, ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè sọ ìtọ́jú di ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba l'Ékòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ wa dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn náà, ọrùn aláìsàn ni owó ìtọ́jú tún padà sí.

Àwọn ará Jámánì ti dá ọgbọ́n kan sí i láti 1883. Wọ́n ṣòfin pé kí òṣìṣẹ́ máa dá owó sínú àpò kan, kí ọ̀gá rẹ̀ náà máa dá tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń san ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọ̀gá ń san ìdá kan tó kù. Ẹni tó bá ṣàìsàn, inú àpò yẹn ni owó ìtọ́jú rẹ̀ ti ń jáde. Òun là ń pè ní adójútòfò ìlera. Ní Nàìjíríà, òfin rẹ̀ jáde ní 1999, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ jàǹfààní. Àwa ọlọ́jà ńkọ́? Ta ni ọ̀gá wa? Ta ló ń san owó oṣù fún wa?

Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2015, wọ́n sì ṣí ètò náà tí a mọ̀ sí Ìlera Èkó ní oṣù Kejìlá 2018. Nígbà náà, ẹnì kan ń san 8,500 náírà lọ́dún. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin ń san 40,000 náírà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò ọjà: ẹ pín 8,500 sí ọ̀nà 365, kò tó náírà 24 lójúmọ́. Ti ìdílé kò tó 110. Owó ìgbà yẹn nìyẹn o. Ẹ béèrè iye tòní kí ẹ tó san. Ní 2022, òfin ìjọba àpapọ̀ sọ adójútòfò ìlera di dandan. Ní oṣù Keje 2024, Gómìnà Sanwó-Olú náà fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ ọ́ di dandan l'Ékòó.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Nínú àjọ tí a mọ̀, owó tí o dá lo máa kó. Níbí, gbogbo wa là ń dá, ẹni tí àìsàn bá kàn ló ń kó, kì í sì í kó o lówó. Ìtọ́jú ló ń gbà. Ẹnì kan á ní, "Bí mi ò bá wá ṣàìsàn ńkọ́, ta ló jẹ owó mi?" Aboyún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ló jẹ ẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ ọmọ tìrẹ ni wọ́n máa ná tirẹ̀ lé lórí. Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé kì í ṣe pé mò ń pe àìsàn?" Rárá o! Ṣebí àwa ará Ajah mọ òjò. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, a ń kó ọjà sórí tábìlì kí àgbàrá tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó kó ọjà sókè kọ́ ló pe òjò.

Àwọn kan ní àwọn á dúró dìgbà tí ara bá ń dun àwọn. Bí gbogbo wa bá ṣe bẹ́ẹ̀, kíá ni àpò á gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú kì í fi í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sanwó gan-an.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ mú nọ́ńbà NIN yín dání. Ẹ mú ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ilé, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ ọjà nìkan, torí àìsàn ń wá lóru. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ ìwé gbé yín lọ sí èyí tó tóbi jù. Ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, oyún àti ìbímọ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àìsàn. Ẹ béèrè èyí tí kò sí níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má gbàgbé pé ọdọọdún là ń san án. Bí ilé ìwòsàn bá ní kí ẹ fi owó ra ohun tó ti wà nínú ètò, ẹ má bá nọ́ọ̀sì jà, ẹ fi ẹjọ́ sun ọ́fíìsì ètò náà, kí ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́.

Àbá wa rèé: ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí a fẹnu kò pé kí alájọ wa máa gba owó ìlera mọ́ owó àjọ lójoojúmọ́, kó ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ Jámánì ní ọ̀gá tó ń bá a dá a. Àwa ní ẹgbẹ́.

Ìyá ẹlẹ́ja wa ti padà sídìí àtẹ, ṣùgbọ́n owó èlé ló fi ra ẹja tó wà lórí rẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ jẹ́ ká pàdé nípàdé o.