Idẹ Ni Tàbí Bàbà? Òkúta Àfiwéra, Ère Bìní àti Ọ̀rọ̀ Ìperí Wa

1.0 Ìfáárà

Ohun tó bí iṣẹ́ yìí kò ju ìlà pupa kan lọ. Nínú ìdánwò ìtumọ̀ kan tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ìlú Bìní, àyọkà tí wọ́n ní láti tú sí Yorùbá dá lórí àwọn ère tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ láàfin Ọba Bìní ní oṣù kejì ọdún 1897, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Benin Bronzes. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ‘àwọn ère idẹ Bìní’. Mo fa ìlà pupa sí ìdí idẹ, mo kọ ‘bàbà’ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì yọ máàkì méjì. Ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ pín ìwé náà máàkì ṣe òdìkejì: ẹni tó kọ idẹ ló fún ní máàkì kíkún, ó sì fagi lé bàbà. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwé wọn wé ara wọn, ojú tì wá. Ọmọ tí mo yọ máàkì rẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà. Ta ló ti yẹ ohun tó wà nínú ère náà wò kí a tó fún un lórúkọ?’

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo bá pàdé nígbà tí mo wá èsì lọ ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níbí. Kí a tó dé orí ère, a ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa àpáta, nítorí pé irú ìyà tó jẹ èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi ti jẹ wọ́n rí, wọn kò sì fi í pamọ́.

2.0 Òkúta kan náà, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní ọdún 1951, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta tẹ ìròyìn kan jáde lórí òkúta méjì. Èkíní jẹ́ gíránáìtì, ẹ̀yà òkúta tí Olúmọ ní Abẹ́òkúta jẹ́, tí wọ́n wà ní Westerly ní ìpínlẹ̀ Rhode Island. Wọ́n pè é ní G-1. Èkejì jẹ́ òkúta dúdú kan láti Centreville ní Virginia. Wọ́n pè é ní W-1. Wọ́n lọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúnná bí èlùbọ́, wọ́n rò ó pọ̀ dáadáa, wọ́n sì pín in fún ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò pé kí oníkálùkù wọn iye èròjà tó wà nínú rẹ̀, kí ó sì fi èsì ránṣẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì. Bí a bá fún onímọ̀ méjì ní èérún òkúta méjì, tí èsì wọn sì yàtọ̀, a kò lè mọ̀ bóyá òkúta ló yàtọ̀ tàbí ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé inú ìyẹ̀fun kan náà ni àwọn méjèèjì ti bù, ọwọ́ nìkan ló kù tí a lè bi léèrè.

Èsì dé, kò sì bára mu. Yanrìn nìkan, ìyẹn èròjà tó pọ̀ jù nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀, tó tó 72 ààbọ̀ nínú 100 ti G-1 àti bí 52 ààbọ̀ nínú 100 ti W-1 ní ìbámu pẹ̀lú iye tí wọ́n padà fẹnu kò sí, ó fa ìyàtọ̀ tó ju èyí tí àwọn àgbà iṣẹ́ náà retí lọ. Ẹni tó ti ń wọn òkúta láti ìgbà èwe rẹ̀ rí i pé òun àti ẹlẹgbẹ́ òun kò jọ sọ ohun kan náà. Láti ìgbà náà ni irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, tí mo ń pè ní òkúta àfiwéra, ti di ohun tí yàrá àyẹ̀wò ń wọn pọ̀ mọ́ òkúta tiwọn, kí wọ́n lè mọ̀ bí ọwọ́ wọn bá ń yẹ̀. Nígbà tí G-1 tán, agbègbè Westerly kan náà ni wọ́n ti wá G-2 láti rọ́pò rẹ̀.

Nǹkan méjì ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ níhìn-ín. Kóńgò ìyá oníràìsì tí a ti lù ní ìdí wọnú kò yí padà. Bí o ra ìwọ̀n mẹ́wàá, ìwọ̀n mẹ́wàá náà yóò dọ́gba. Ìdọ́gba ni ìyẹn, kì í ṣe òótọ́. Àfi bí a bá gbé kóńgò tí gbogbo ọjà gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àṣírí yóò tú. Yàrá àyẹ̀wò kan lè wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta kí ó rí èsì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ àṣìṣe. Èmi pẹ̀lú, gbogbo ‘idẹ’ tó wà nínú ìdajì ìwé tèmi ni mo fagi lé, n kò ṣe ojúsàájú rárá!

3.0 Ère kì í ṣe ìyẹ̀fun

Ní ti ère Bìní, àwọn onímọ̀ ti gé èérún lára wọn láti ìgbà pípẹ́. Otto Werner tẹ àbájáde tirẹ̀ lórí àwọn tó wà ní Berlin jáde ní ọdún 1970. Paul Craddock àti John Picton tẹ tiwọn jáde ní ọdún 1986. Lórí kókó ọ̀rọ̀, ohùn wọn ṣọ̀kan: bàbà ló pọ̀ jù, sínkì (èyí tí a fi ń bo páànù òrùlé) ló tẹ̀ lé e, òjé sì wà nínú rẹ̀. Tíìnì, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Jos, kò tó nǹkan nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Bàbà àti tíìnì ló sì ń di ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bronze. Nítorí náà, orúkọ tí gbogbo ayé mọ ère Bìní sí kò bá ohun tó wà nínú wọn mu.

Wàhálà wà nínú àfiwé kúlẹ̀kúlẹ̀. Òjé kì í yòrò wọnú bàbà. Bí irin yíyọ́ bá ti ń tutù, òjé a máa ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ní kóro-kóro. Ẹni tó bá gbẹ́ èérún ní ọrùn ère àti ẹni tó gbẹ́ tirẹ̀ ní ẹsẹ̀ lè rí iye òjé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọwọ́ àwọn méjèèjì sì mọ́. Sínkì ní tirẹ̀ a máa bá èéfín lọ nígbàkígbà tí a bá tún idẹ yọ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí àwọn onímọ̀ kan ti fẹ́ fi iye sínkì mọ ọjọ́ orí ère. Ọgbọ́n àtijọ́, tí a fi ń dáná sun bàbà pọ̀ mọ́ òkúta sínkì àti èédú, kì í sábà jẹ́ kí sínkì kọjá bí 30 nínú 100; èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń fura sí pé kò pẹ́ púpọ̀ tí a ṣe é. Bí ìwọ̀n yàrá kan bá fi díẹ̀ yẹ̀ sí ti èkejì, ère kan lè bọ́ láti ọ̀rúndún kan sí òmíràn lórí ìwé lásán. Èmi kò lè gbà pé sínkì nìkan tó láti fi ka ọjọ́ orí ère.

4.0 Òjé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Ẹ̀rí tó lágbára jù wá láti ibi tí ènìyàn kò retí, inú òjé. Oríṣi òjé mẹ́rin ló wà, tí a fi ìwúwo wọn dárúkọ: 204, 206, 207 àti 208. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ń pọ̀ sí i nínú ilẹ̀ bí èròjà yùréníọ̀mù àti tóríọ̀mù ṣe ń jẹrà, nítorí náà ìpín wọn yàtọ̀ láti kòtò ìwakùsà kan sí òmíràn. Iná kì í yí ìpín yìí padà. A lè yọ́ idẹ nígbà ogún. Ilé tí òjé inú rẹ̀ ti wá ni yóò máa pè.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí a ń wá kéré púpọ̀, ẹ̀rọ ìwọ̀n sì ní àbùkù tirẹ̀. Níbí ni ọgbọ́n òkúta àfiwéra ti tún wúlò. Láti ọdún 1968 ni iléeṣẹ́ òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà ti wọn ìpín àwọn oríṣi òjé inú òjé kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 981, tí àwọn yàrá àyẹ̀wò káàkiri ayé ń wọ̀n pẹ̀lú tiwọn. Nínú rẹ̀, ìpín 206 sí 204 jẹ́ bí 16.94. Yàrá tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá sọ ohun mìíràn mọ̀ pé ẹ̀rọ òun ló yẹ̀, a sì ṣe àtúnṣe.

Irú ìwọ̀n yìí ni Goucher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1976 lórí àwọn ère ilẹ̀ wa, tí Willett àti Sayre fi kún un ní ọdún 2006. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Tobias Skowronek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì yẹ manílà 67 wò, ìyẹn owó idẹ tó rí bí ẹ̀gbà ọwọ́, tí a rí nínú ọkọ̀ tó rì sókun àti ní àwọn ibi kan lórí ilẹ̀. Wọ́n fi èsì wọn wé ti àwọn tó ṣáájú. Òjé inú àwọn manílà àtijọ́ bá ti ère Bìní mu, ó sì tọ́ka sí agbègbè odò Rhine ní Jámánì. Ìwé àdéhùn tó wà láàrin ìdílé Fugger ti Jámánì àti ọba Potogí ní ọdún 1548 lórí manílà ti ń sọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wọ̀n ère lánàá kò mọ àwọn tó wọ̀n manílà lónìí. Òjé àfiwéra ló jẹ́ kí nọ́ńbà wọn lè jókòó pọ̀. (Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Jámánì ti kó díẹ̀ lára àwọn ère náà padà wá. Ẹ wo bí idẹ ṣe rìn tó!)

5.0 Orúkọ

Èdè Yorùbá kò pa idẹ àti bàbà pọ̀. Ẹ̀gbà idẹ ni olórìṣà Ọ̀ṣun ń wọ̀, òjé ni ti Ọbàtálá, àwọn alágbẹ̀dẹ sì mọ bàbà lọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó wà nínú ère la ń wò, ère idẹ ni ti Bìní, akẹ́kọ̀ọ́ náà ló sì gbà á. Ère bàbà wà lóòótọ́: ojú Ọbalùfọ̀n ní Ifẹ̀ àti ère ọkùnrin tó jókòó tí a rí ní Tada fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Ọ̀pọ̀ orí tí a hú ní Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 jẹ́ idẹ olójèé. Ní Igbo-Ukwu, níbi tí Thurstan Shaw ti wa ilẹ̀ láàrin ọdún 1959 sí 1964, ọ̀pọ̀ jẹ́ bàbà àti tíìnì, iṣẹ́ tó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ibẹ̀ ni a ti nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Èmi dábàá ‘bàbà onítíìnì’, kí a má baà sọ idẹ di àpò tí a ń kó ohun gbogbo sí.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 àti èyí tí Awóbùlúyì ṣe ní ọdún 1990 ti fi hàn pé àwọn onímọ̀ lè jókòó ti ọ̀rọ̀ kan títí wọn ó fi fẹnu kò. Èdè àti lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ náà dá lé. Bí a óò bá ṣe irú rẹ̀ fún irin àti òkúta, ẹ jẹ́ kí a gbé ohun kan náà sí iwájú gbogbo wa ná: wáyà bàbà, ẹ̀gbà idẹ, èérún òjé. Mo bi àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Igun Eronmwon léèrè. Eronmwon ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń yọ́ dà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àfọ́kù ẹ̀rọ omi wà nínú rẹ̀ lónìí.

Láti ìgbà náà, kí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi tó pín ìwé ìdánwò, ìwé márùn-ún kan náà ni a ń kọ́kọ́ máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó sì fi wé ara wọn. Mo ti dá máàkì méjì padà fún ọmọ tó kọ idẹ. Àwọn tó kọ bàbà, tí mo ti fún ní máàkì kíkún, a kò gbà á lọ́wọ́ wọn.