Fáìlì Lẹ Kọ́kọ́ Máa Dá Sí, Kì Í Ṣe Windows

Láti ìgbà tí àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ló ń nu kọ̀ǹpútà wọn láti gbé Windows 11 sí i. Windows fúnra rẹ̀ kò ṣòro rí: ọ̀fẹ́ ló wà lórí ìkànnì Microsoft, fúláàṣì 8GB sì gbà á. Fọ́tò àti ìwé iṣẹ́ yín ni kò ní arọ́pò, àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà kọ sórí háàdì díráfù mìíràn. Àwọn kan á ní OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti tó. Kò tó o: fáìlì tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ nínú fódà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà á pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà, wọ́n á sì kó o dànù pátápátá lẹ́yìn 30 ọjọ́. Àwọn mìíràn á ní kò sí àkókò. Bẹ́ẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe ẹ̀dà odindi díráfù kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn tí gbogbo ètò tuntun ti jókòó, òun nìkan lẹ máa dá padà lọ́jọ́ tí nǹkan bá tún bàjẹ́. Kẹ́ ẹ tó nu ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fáìlì méjì mẹ́ta wò nínú ẹ̀dà yín.