Ẹ Má Fa Fọ́tò Ya

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo sọ ojú yín di gígùn bíi ti ẹṣin nínú fọ́tò Ọjọ́ Àṣà tó wà lórí áàpù wa. Ìbú fọ́tò náà jẹ́ pixel 4000, gíga rẹ̀ 3000. Mo fipá kì í bọ àyè tí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 1080.

Ọ̀nà tó tọ́ nìyí. Ìbú: 1080 ÷ 4000 = 0.27. Gíga: 1080 ÷ 3000 = 0.36. Ẹ mú èyí tó kéré, kí fọ́tò má baà yọ síta. Ẹ wá fi 0.27 sọ méjèèjì di púpọ̀: ìbú á di 1080, gíga á di 810. Ìbejì ni wọ́n o: ohun tá a bá fún Táyé, ká fún Kẹ́hìndé.

Mo ti tún un ṣe. Ojú kálukú ti padà sípò.