Àtúnṣe Ọ́ìlì Tí Ń Jò Lára Katakata Kékeré
Òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de àgbẹ̀ tí katakata rẹ̀ dákú. Ní oko ẹ̀gẹ́ agbègbè Ìbẹsẹ̀, ní ilẹ̀ Yẹwa, ọ́ìlì tí ń jò lè sọ ẹ́ńjìnnì di àlòkù. Ibi tí ọ́ìlì ń kán sí lè má jẹ́ orísun rẹ̀. Láti òkè ni ó ti sábà máa ń ṣàn wá. Kí mẹkáníìkì fọ ẹ́ńjìnnì, kí ó nù ún gbẹ, kí ó sì tan án díẹ̀; ibi tí ó bá kọ́kọ́ rin ni àléébù wà. Kí ó dè bóòtù ibẹ̀ le, tàbí kí ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí bá dí, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun pàápàá yóò jò, nítorí pé atẹ́gùn tí ó há sínú ni yóò máa ti ọ́ìlì jáde.