Ìrora Ìdí àti Ìbàdí: Ìtọ́jú Wo ni Èrè Rẹ̀ Ń Pẹ́?

Ní ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà, ní Ọ̀gbà àti ní Agége, agbára ẹsẹ̀ àti ìbàdí ni ó ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé. Òṣìṣẹ́ kan a dúró ti ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òmíràn a máa gbé àpò ẹrù sínú ọkọ̀. Awakọ̀ a jókòó sórí àga líle fún wákàtí púpọ̀. Obìnrin tí ń ta búrẹ́dì a gbé igbá rẹ̀ karí láti àdúgbò kan dé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Nígbà tí ìrora bá wọ ìdí tàbí ìbàdí irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ó sì kọ̀ tí kò lọ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ara nìkan ni ó wà nínú ewu. Owó oṣù, owó ilé àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Oríṣiríṣi ìtọ́jú ni àwọn ènìyàn ń dábàá fún un: àgbo, abẹ́rẹ́, òrí, ẹ̀rọ, àti eré ìdárayá. Kò yẹ kí aláìsàn ná owó rẹ̀ sórí èyíkéyìí láìmọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

IRÚ ÌRORA MÉJÌ

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ ibi tí ìrora náà ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe gbogbo ìrora ìdí ní jẹ̀dí-jẹ̀dí, wọn a sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ohun dídùn tí aláìsàn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹran ìdí àti àwọn iṣan líle tí ó so ó mọ́ egungun ni ó ń gbé ara dúró nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, tí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, tàbí tí ó bá ru ẹrù. Iṣẹ́ àṣejù lè pa wọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìlágbára.

Irú ìrora kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, níbi tí egungun itan ti yọ sóde tí ọwọ́ fi lè tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ní in kì í lè fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn, ó sì máa ń dùn ún bí ó bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan láti wọ ṣòkòtò. Ó wọ́pọ̀ jù lọ lára àwọn obìnrin tí ó ti lé ní ogójì ọdún.

Irú kejì wà nínú ẹran ìdí gan-an. Ìjókòó pípẹ́ ni ó máa ń mú un le sí i. Iṣan ìmọ̀lára tí ó tóbi jù lọ nínú ara ènìyàn gba abẹ́ ẹran yìí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Bí ẹran náà bá le tí ó sì fún un mọ́lẹ̀, ìrora a máa sáré gba ẹ̀yìn itan lọ sísàlẹ̀. Ìrora mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ọ̀pá ẹ̀yìn ni orísun rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a yẹ aláìsàn wò kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ ÌTỌ́JÚ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

Fífi aṣọ gbígbóná tẹ ìdí, fífi òrí ra á àti fífi ọwọ́ wọ́ ọ jẹ́ ìtọ́jú tí àwọn àgbà ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n ń mú kí ẹran tí ó le rọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí aláìsàn rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ìtura wọn kì í sábà pẹ́, nítorí wọn kò fi agbára kún ẹran náà. Bákan náà ni ẹ̀rọ oníná kékeré tí a ń lẹ̀ mọ́ ara. Ó dára kí a fi wọ́n pèsè ara sílẹ̀ fún eré ìdárayá. Kò dára kí a gbẹ́kẹ̀ lé wọn nìkan.

Oògùn ìrora wúlò fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lò ó lójoojúmọ́ láìsí àṣẹ dókítà lè fi dá ọgbẹ́ sí ikùn ara rẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Àgbo tí a fi ọtí pò kì í fún ẹran ìdí lókun. Ọtí inú rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé ìrora títí di ọjọ́ kejì.

Ní ti abẹ́rẹ́, méjì ni ó wà, kò sì yẹ kí a pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni èyí tí dókítà ń fún ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí láti pa wíwú àti ìrora ibẹ̀. Èkejì ni abẹ́rẹ́ ìrora tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ń gún sí ìdí aláìsàn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Bí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ba iṣan ìmọ̀lára ńlá nì, ẹsẹ̀ lè rọ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ sì máa wọ́ nílẹ̀ bí ènìyàn ti ń rìn. Ẹni tí ó wá ìwòsàn fún ìrora a sì di arọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Àwọn oníṣègùn ti fi ìtọ́jú wọ̀nyí wé ara wọn fún ìrora ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2009, èyí tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Jámánì ṣe, ènìyàn 229 ni a pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba abẹ́rẹ́ dókítà, àwọn kan ṣe eré ìdárayá nílé, a sì fi ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì agbára lu ara tọ́jú àwọn ìyókù. Lẹ́yìn oṣù kan, nínú 100 tí ó gba abẹ́rẹ́, 75 ni ara wọn yá. Nínú 100 tí ó ṣe eré ìdárayá, 7 péré. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò sọ pé abẹ́rẹ́ ni ó borí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù 15, ti abẹ́rẹ́ ti wálẹ̀ sí 48, ti ẹ̀rọ jẹ́ 74, ti eré ìdárayá sì ti gòkè dé 80.

Ní Ọsirélíà pẹ̀lú, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2018 lórí ènìyàn 204 fi irú èyí hàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni a fi kọ́ àwọn kan ní eré ìdárayá àti bí ó ti yẹ kí wọn máa dúró, kí wọn máa jókòó, kí wọn sì máa sùn. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí 79 nínú 100 wọn ni ó sọ pé ara àwọn ti yá. Ti àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ jẹ́ 58. Ti àwọn tí a kàn gbà nímọ̀ràn, tí a sì fi sílẹ̀ kí ara wọn yá fúnra rẹ̀, jẹ́ 52.

Abẹ́rẹ́ dókítà ń yára dé, ìtura rẹ̀ a sì yára lọ. Eré ìdárayá ń pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ a máa dúró. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó ń fi í sílẹ̀ kí ó tó tó àkókò tí ẹran ara yóò fi lágbára.

BÍ A TI Ń ṢE É

Ìtọ́jú yìí ni àwọn ará ìlú ń pè ní físíò. Aláìsàn lè dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó ká orúnkún méjèèjì sókè, kí ó sì rọra gbé ìdí kúrò nílẹ̀. Yóò dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó tún lè máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀, kí ó sì máa rọra jókòó padà. Ìwọ̀nba ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Bí ìrora bá pọ̀ sí i títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó dín in kù.

Ẹni tí ìrora rẹ̀ wà nínú ẹran ìdí lè rí ìtura nínú nínà ẹran náà, bíi kí ó fa orúnkún kọjá sí èjìká òdìkejì. Ṣùgbọ́n nínà yìí kan náà lè mú ìrora ẹ̀gbẹ́ ìbàdí burú sí i, nítorí pé ó ń fún iṣan mọ́ egungun. Èyí ni kò fi yẹ kí aládùúgbò méjì yá ara wọn ní eré ìdárayá bí ẹni yá ara wọn ní agboorùn.

Kí òṣìṣẹ́ tí ń dúró ti ẹ̀rọ máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé ara rẹ̀ dúró, kí ó má ṣe fara ti ìbàdí kan. Kí awakọ̀ yọ pọ́ọ̀sì kúrò nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, kí ó sì máa rìn díẹ̀ ní òpin ìrìn kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ń dùn má ṣe gbé ẹsẹ̀ kọ́ra, kí ó yẹra fún ìjókòó lórí àpótí kúkúrú, kí ó sì fi ìrọ̀rí sí àárín orúnkún bí ó bá fẹ́ sùn. Ìmọ̀ràn wọ̀nyí wà fún àgbẹ̀ tí ń fi ọkọ́ roko pẹ̀lú.

ÀMÌ EWU ÀTI IBI ÌTỌ́JÚ

Kí aláìsàn má ṣe dúró de eré ìdárayá bí kò bá lè tọ̀ tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró, bí abẹ́ rẹ̀ bá kú tipiri, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí ibà bá wà, bí ó bá ń rù láìnídìí, tàbí bí ó bá ṣubú tí kò sì lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ìbàdí sì ń dùn, gbọ́dọ̀ ya fọ́tò egungun rẹ̀, nítorí pé àrùn náà lè pa orí egungun itan. Ọmọdé tí ń tiro kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílé. Ilé ìwòsàn ni kí gbogbo wọn lọ ní kíá.

Físíò kì í ṣe ohun tuntun ní Nàìjíríà. Ní Ìgbóbì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1945, nígbà tí a ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ náà ní 1966. Ilé ìwòsàn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1955, tí ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2001, ní ẹ̀ka físíò tirẹ̀.

Bí aláìsàn bá dé ibẹ̀, kí ó fi ìka kan tọ́ka sí ibi tí ó ń dùn ún gan-an, kí ó sọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti bí ó ti ń sùn, kí ó sì dárúkọ gbogbo oògùn, àgbo àti abẹ́rẹ́ tí ó ti lò. Kí ó béèrè pé kí a fi eré ìdárayá náà hàn án, kí òun náà sì ṣe é lójú olùtọ́jú kí ó tó padà sílé. Lẹ́yìn èyí, kí ó fún un ní oṣù mẹ́ta gbáko.