Ìdí tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba Kò Fi Dọ́gba ní Amẹ́ríkà: Àpẹẹrẹ Edgewood ní San Antonio

1. Ìbéèrè tó bí àpilẹ̀kọ yìí

Nígbàkigbà tí mo bá ń kọ́ni nípa ètò ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í ṣàì béèrè. Wọ́n á ní, bó bá jẹ́ pé ìjọba ló ni ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti fòfin de yíya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ funfun láti 1954 nínú ẹjọ́ Brown, kí ló dé tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú àti ti àwọn ọmọ ìran Mẹ́síkò kò fi ní ohun èlò tó ti àwọn ọmọ funfun?

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà "ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba" gan-an ló ń ṣì wá lọ́nà. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, bí a bá pe ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ti ìjọba, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni ìjọba kan ṣoṣo tó ń yan olùkọ́, tó sì ń san owó oṣù wọn. A mọ̀ pé àwọn òbí náà máa ń dáwó, a sì rántí àwọn olùkọ́ tí abúlé fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n àfikún ni a ka èyí sí. Ní Amẹ́ríkà, owó àdúgbò kì í ṣe àfikún. Ọ̀kan nínú òpó ilé ni. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn, mo sì máa fi ẹjọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Texas ṣe é.

2. Ta ló ń sanwó?

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ojúṣe ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀kọ́. Lọ́pọ̀ ọdún, ìpín tí ìjọba àpapọ̀ ń san nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò ju nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 lọ. Ìyókù ń wá láti àpò ìpínlẹ̀ àti láti ọwọ́ àwọn ará àdúgbò, ìpín méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Wọ́n pín ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́, àfi Hawaii tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀, owó tó sì ń rí ládùúgbò máa ń wá jù lọ láti inú owó-orí lórí ilé àti ilẹ̀ tó wà láàrin ààlà náà. Nítorí náà, bí ilé àdúgbò bá níye lórí, owó-orí kékeré máa ń mú owó púpọ̀ wá. Bí kò bá níye lórí, àwọn ará ibẹ̀ lè san owó-orí tó wúwo jù lọ kí ó má sì tó nǹkan.

3. Ẹ̀kùn méjì nínú ìlú kan

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀kùn méjì ní agbègbè San Antonio ní ọdún ẹ̀kọ́ 1967–68, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìdájọ́ ti to iye wọn.

Edgewood ní nǹkan bí 22,000 ọmọ. Nínú 100 ọmọ, nǹkan bí 90 jẹ́ ọmọ ìran Mẹ́síkò, ó sì lé ní 6 tó jẹ́ dúdú. Bí a bá pín iye ilé àti ilẹ̀ ẹ̀kùn náà lórí àwọn ọmọ, dọ́là 5,960 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Alamo Heights ní nǹkan bí 5,000 ọmọ, funfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, iye ilé tó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ sì lé ní dọ́là 49,000.

Àwọn ará Edgewood ń san dọ́là 1.05 lórí 100 dọ́là iye ilé wọn. Àwọn ará Alamo Heights ń san 0.85. Ẹ ṣàkíyèsí pé tálákà ló ń san èyí tó wúwo. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ìpín tí òfin ní kí ẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan dá sínú ètò gbogbogbòò, dọ́là 26 ló kù lórí ọmọ kan ní Edgewood, 333 ló sì kù ní Alamo Heights. Owó ìpínlẹ̀ kò tún èyí ṣe: 222 fún Edgewood, 225 fún Alamo Heights. Ìjọba àpapọ̀ fi 108 kún ti Edgewood, ó sì fi 36 kún ti èkejì. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 356 sí 594.

4. Kí ló sọ ilé kan di olówó gọbọi, tó sọ èkejì di yẹpẹrẹ?

Àwọn kan máa ń fi òwe dáhùn pé ìka kò dọ́gba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Elédùmarè ló dá ìka. Ènìyàn ló ya àwòrán ilẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ní 1933, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ Home Owners' Loan Corporation sílẹ̀ láti ran àwọn onílé tí gbèsè fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wọn lọ́wọ́. Láàrin ọdún díẹ̀, àjọ yìí ya àwòrán àdúgbò ní ìlú tó lé ní 200, San Antonio sì wà lára wọn. Wọ́n fi àwọ̀ ewé kun àdúgbò tí wọ́n kà sí dáradára, wọ́n sì fi pupa kun èyí tí wọ́n kà sí eléwu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àdúgbò àwọn dúdú ló bọ́ sínú pupa. Federal Housing Administration, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, náà kọ̀ láti ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó ilé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò rí owó yá kò lè kọ́lé, kò lè tún ilé ṣe, ilé tó sì ní kò lè gbówó lórí.

Òfin 1968 lórí ilé gbígbé ka ìwà yìí léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ó lé ti kọjá kí òfin náà tó dé, ilé sì jẹ́ ogún tí òbí ń fi sílẹ̀ fún ọmọ.

5. Ohun tí ilé-ẹjọ́ sọ

Ní oṣù Karùn-ún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Edgewood jáde kúrò ní kíláàsì láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ilé tó ń wó àti àìtó olùkọ́ tó kúnjú ìwọ̀n. Lọ́dún kan náà, Demetrio Rodriguez àti àwọn òbí mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Wọ́n jàre ní 1971. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1973, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá wọn lẹ́bi, adájọ́ 5 sí 4. Adájọ́ Lewis Powell kọ ọ́ pé òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà kò ka ẹ̀kọ́ sí ẹ̀tọ́ pàtàkì, àti pé ó tọ́ kí àdúgbò máa darí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Thurgood Marshall, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àwọn òbí dúdú nínú ẹjọ́ Brown kó tó di adájọ́, wà lára àwọn tó kọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ẹjọ́ Milliken tó wá láti Detroit, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé a kò lè fi ipá da ọmọ ìlú ńlá pọ̀ mọ́ ọmọ àwọn ẹ̀kùn tó yí i ká, àfi bí wọ́n bá fi hàn pé àwọn ẹ̀kùn náà lọ́wọ́ nínú ìyàsọ́tọ̀ ọ̀hún. Báyìí ni ẹjọ́ méjì ṣe sọ ààlà ẹ̀kùn di odi: owó kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ dandan, ọmọ náà kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ dandan.

6. Ǹjẹ́ owó tilẹ̀ ń ran ọmọ lọ́wọ́?

Edgewood kò dákẹ́. Wọ́n lọ sí ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀, torí pé òfin ìpìlẹ̀ Texas mẹ́nu kan ẹ̀kọ́ ní tààràtà. Ní 1989, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Texas gbè wọ́n. Láti 1993, òfin ní kí àwọn ẹ̀kùn olówó máa dá lára owó-orí wọn padà fún ìlò àwọn yòókù.

Àwọn tó ta ko irú àtúnṣe yìí máa ń sọ pé owó kọ́ ni ẹ̀kọ́. Ní 2016, Kirabo Jackson, Rucker Johnson àti Claudia Persico tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ mú owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn pọ̀ sí i. Wọ́n rí i pé bí owó tí wọ́n ń ná lórí ọmọ bá fi ìdá 10 nínú 100 lé sí i fún ọdún méjìlá gbáko, owó iṣẹ́ ọmọ náà nígbà tó bá dàgbà máa ń fi nǹkan bí ìdá 7 lé sí i. Ọmọ tálákà ni àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ jù fún.

7. Ìparí

Mo rọ ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ń kọ́ni tàbí tó ń túmọ̀ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí pé kí ó má fi "ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba" sílẹ̀ láìṣàlàyé. Kí ó sọ ìjọba wo ni, ta ló ń sanwó, àti níbo ni ààlà wà. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ẹbí wa tó ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀, ẹni tó ń wá ilé tí yóò háyà ti ń yan ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ láìmọ̀. Ní 2011, ilé-ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio rán ìyá kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọjọ́ díẹ̀ nítorí pé ó lo àdírẹ́sì bàbá tirẹ̀ láti fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀kùn mìíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ibi tí ó ti kó wọn kúrò. Ti ìjọba náà ni ibi tí ó kó wọn lọ.