Ìṣọ́ Lẹ́nu Ọ̀nà Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé

Ẹ̀yin òbí tí ń gbé ní Ungwan Romi, ní gúúsù ìlú Kàdúná, ẹ kò ṣàì mọ bí ilé ti ń rí lálẹ́. Iná ti lọ, fóònù márùn-ún ń jẹ lára dátà kan ṣoṣo, ẹ kò sì mọ ohun tí àbíkẹ́yìn ń wò lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí ẹ bá gba fóònù náà lónìí, iṣẹ́ tí olùkọ́ ilé kéú fi ránṣẹ́ yóò mú kí ẹ dá a padà lọ́la.

Ẹnu ọ̀nà ni ó yẹ kí ìṣọ́ wà, ìyẹn ráútà, ẹ̀rọ tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé tí ó sì ń pín in. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì ìdìbò lọ, lè ṣe iṣẹ́ yìí. Oṣù Èrèlé ọdún 2012 ni wọ́n gbé e jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní dọ́là 35, kí ọmọdé lè fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Pi 4, ti ọdún 2019, tó fún ilé yín.

Ẹ kọ OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ fún ráútà, sórí káàdì mẹ́mórì rẹ̀. Ẹ ki módẹ́ẹ̀mù onísíìmù bọ ojú USB. Ẹ wá darí ìbéèrè orúkọ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì sí 1.1.1.3, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Cloudflare bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020: ẹni tí ó bá béèrè ojúlé ìṣekúṣe kò ní rí àdírẹ́sì rẹ̀ gbà. Ètò kékeré kan tún wà, nlbwmon, tí ń fi fóònù tí ń jẹ dátà jù hàn. (Ẹ má ṣe yà á lẹ́nu bí ó bá jẹ́ ti baálé ilé.)

Ọ̀rọ̀ iná gan-an ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Fóltì 5 péré ni ó ń lò, nítorí náà páwà báńkì tí ó lè fún un ní ámpù 3 yóò gbé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ mú OpenWrt tí a pè ní squashfs. Iná tí ó lọ lójijì kì í tètè ba tirẹ̀ jẹ́.

Wáì-fáì rẹ̀ kò lágbára láti la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá. Ẹ fi wáyà so ráútà àtijọ́ mọ́ ọn kí ó máa tan án ká. Ọmọ tí ó ní síìmù tirẹ̀, tàbí tí ó mọ VPN lò, yóò sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

OpenWrt kì í ní ọ̀rọ̀ aṣínà nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tan án. Ẹ fi sí i kí módẹ́ẹ̀mù tó wọlé, ẹ má sì fi ọjọ́ ìbí ọmọ ṣe é.